Bí a ṣe ń tẹ́ igi gúrófà mọ́ ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì ní Ìbàdàn, àti bí a ṣe ń gé e kó lè máa so

Ẹni tó bá wọ àgbàlá mi ní Akóbọ, ẹ̀gbẹ́ fẹ́ńsì ló máa ń kọ́kọ́ wò. Igi gúrófà tó wà níbẹ̀ kò ní orí ṣùkùṣùkù bíi tàwọn yòókù. Ó na apá sọ́tùn-ún, ó na apá sósì, ìpele mẹ́rin lórí wáyà, bí àkàbà. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé e kì í yàtọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, báwo lẹ ṣe ṣe é? Ṣé a lè fi píà ṣe é bíi ti àwọn òyìnbó?" Mo ti dáhùn lórí fóònù títí, mo ti fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp títí. Ó yá, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é má baà fo ìgbésẹ̀ kankan.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ lọ sídìí igi gúrófà tó bá wà nítòsí yín, ẹ fi ìka méjì mú ẹ̀ka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, kí ẹ yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ní igun mẹ́rin, ó dà bí ìgbà tí èèyàn mú pẹ́ńsùlù onígun lọ́wọ́. Tí igun yẹn bá ṣì wà, tí ara ẹ̀ka náà ṣì tutù, ibi tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sí ló máa lọ. Tó bá ti di róbótó, tí èèpo rẹ̀ ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀pa ò bóró mọ́: ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó máa kán. Gbogbo iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí, kí ẹ bá ẹ̀ka nígbà tó ṣì ní igun mẹ́rin ni.

Kí ló dé tí kì í ṣe píà?

Igi tí ẹ ń rí lára ògiri nínú fídíò òyìnbó, píà tiwọn ni, ìbátan ápù. Igi yẹn gbọ́dọ̀ sùn nínú òtútù kó tó lè tanná dáadáa. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ń fẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún wákàtí tí ojú ọjọ́ kò ju 7°C lọ. Bó ti wù kí ọyẹ́ Ìbàdàn mú tó, kò lè débẹ̀. Bí ẹ bá gbìn ín síbí, ewé lẹ ó máa wò.

Píà tiwa, èyí tí a ń fi jẹ búrẹ́dì, igi mìíràn pátápátá ni. Ṣóńṣó ẹ̀ka ló ti ń so, nítorí náà ẹni tó bá ń gé ṣóńṣó rẹ̀ kó má baà gùn, èso ló ń gé dànù. Ẹ̀ka rẹ̀ rọrùn láti kán, oòrùn sì tètè máa ń jó èèpo rẹ̀ tí ewé ò bá bò ó. Ẹ má fi ṣe é.

Gúrófà (àwọn mìíràn ń pè é ní gúáfà) bá iṣẹ́ yìí mu ju gbogbo igi tí mo ti dán wò lọ. Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń yọ òdòdó, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ẹ bá gé e, ẹ ń pe èso ni. Ewé rẹ̀ ń jáde ní méjìméjì, ọ̀kan ń wo ìhín, èkejì ń wo ọ̀hún, nítorí náà apá ọ̀tún àti apá òsì máa ń yọ láti ojú kan náà. Bí ẹ bá sì ṣèèṣì gé e jù, á tún hù.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Pípù irin 1½ íǹṣì méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ àti ààbọ̀
- Wáyà tí kì í dípẹtà, tó nípọn tó mìlímítà 2.5
- Ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún
- Túùbù táyà àlòkù láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà, tí ẹ gé ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbànú ọmọdé
- Sísọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń gé òdòdó, kó mú dáadáa
- Ayùn kékeré
- Sípíríìtì àti àkísà, láti fi nu ẹnu irin
- Téèpù ìwọnlẹ̀

Ẹ kíyè sí i pé àdá ò sí níbẹ̀. Àdá máa ń fọ́ igi ni, kì í gé e ní gígé tó dán. Ojú ọgbẹ́ tó bá rí wúruwùru ni omi òjò máa ń dúró sí, ibẹ̀ sì ni igi ti ń rà.

Ẹ má fi pákó tàbí igi lásán ṣe òpó. Ikán Ìbàdàn ò ní jẹ́ kó lo ọdún kejì, láti ara òpó ni wọ́n á sì ti gba ìdí gúrófà lọ.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: fẹ́ńsì àti wáyà

Ní ìlú òtútù, ògiri ni wọ́n fi ń mú igi wọn móoru. Tiwa yàtọ̀. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé fẹ́ńsì tí wọ́n rẹ́ ní simẹ́ǹtì ní aago mẹ́ta ọ̀sán nínú oṣù kejì, ẹ ó mọ ohun tí mo ń sọ. Ẹ̀ka tó bá lẹ̀ mọ́ irú ibẹ̀ á jó. Nítorí náà, wáyà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ògiri ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí afẹ́fẹ́ lè máa gba ẹ̀yìn igi kọjá.

1. Ẹ yan fẹ́ńsì tí oòrùn òwúrọ̀ ń bá. Èyí tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń jó kò dáa tó, àmọ́ tó bá jẹ́ òun nìkan lẹ ní, ẹ fi àlàfo ẹ̀yìn wáyà kún sí i.
2. Ẹ ri pípù méjèèjì mọ́lẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, kí wọ́n jìnnà síra ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Ẹ da kọnkéré sí ìdí wọn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fa nǹkankan mọ́ ọn.
3. Ẹ fa wáyà mẹ́rin: àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀ sí ilẹ̀, èkejì ní mẹ́ta, ẹ̀kẹta ní mẹ́rin àti ààbọ̀, ẹ̀kẹrin ní mẹ́fà.
4. Ẹ fi ìka ta á. Tó bá dún bí okùn gìtá, ó ti le tó. Tó bá ń mì jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀, ẹ tún un fà, torí èso máa wúwo.

Ẹ jìnnà sí sókàwéè. Gbòǹgbò gúrófà kì í jìn púpọ̀, ó sì fẹ́ràn ibi tó bá ti rí omi.

Ìgbésẹ̀ kejì: ọmọ igi àti gbígbìn

Ọmọ igi tí ẹ nílò ni èyí tó dúró ṣánṣán bí pàṣán, tí kò tíì lẹ́ka. Àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá títì máa ń fẹ́ ta èyí tó ti bú yẹ́ríyẹ́rí fún yín, wọ́n á ní òun ló dáa jù. Òun kọ́ lẹ ń wá. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tó ti ń so ṣe máa ń tètè so ju èyí tí wọ́n gbìn láti inú kóró, adùn rẹ̀ kì í sì í yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Ẹ lè béèrè ní NIHORT, ilé ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ tó wà ní Ìdí-Ìṣin, Jẹ́ríkò, láti 1975.

Ẹ tẹ ìdí nọ́ọ́lọ̀nù rẹ̀ wò kí ẹ tó sanwó. Mo ra ọ̀kan rí tí gbòǹgbò rẹ̀ ti lọ́ yí po nínú nọ́ọ́lọ̀nù bí òṣùká. Ọdún kan gbáko ló fi dúró sójú kan, kò gùn, kò kú, títí mo fi hú u.

Oṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún ló dáa láti gbìn, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, láàárín pípù méjèèjì, lábẹ́ wáyà gan-an. Ẹ po ilẹ̀dú mọ́ ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa, tí kò rùn mọ́. Ìgbẹ́ tútù á jó gbòǹgbò. Ẹ gbìn ín bó ṣe wà nínú nọ́ọ́lọ̀nù, ẹ má rì í jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká, ṣùgbọ́n kí koríko náà jìnnà sí ìdí igi ní ìbú ọwọ́ kan, nítorí ikán.

Ìgbésẹ̀ kẹta: gígé àkọ́kọ́

Ibí lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń gbọ̀n. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin igi, ó rẹwà, mo wá ní kí ẹ bẹ́ ẹ lórí. Ẹ bẹ́ ẹ. Tí ẹ kò bá ṣe é, òkè ni yóò máa lọ, ìpele ìsàlẹ̀ kò sì ní sí láéláé.

1. Ẹ dúró kó yọ ewé tuntun, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn gbígbìn.
2. Ẹ wo igi náà nítòsí wáyà àkọ́kọ́. Ẹ wá ojú méjì (ibi ìdí ewé tí ẹ̀ka tuntun máa ń ti yọ) tó kẹ̀yìn síra lábẹ́ wáyà náà díẹ̀, tí ọ̀kan wo ọ̀tún, tí èkejì wo òsì. Ẹ fojú fo àwọn tó wo ògiri àti àwọn tó wo ilé.
3. Ẹ ka ojú méjì mìíràn sókè lẹ́yìn ìyẹn. Òkè wọn gan-an, ní ìdajì íǹṣì, ni kí ẹ ti gé e.
4. Nígbà tí ẹ̀ka bá yọ, ẹ fi mẹ́ta sílẹ̀: ọ̀kan lókè tí yóò di òpó, àti méjì nísàlẹ̀ tí yóò di apá. Ẹ fi ọwọ́ ré ìyókù nígbà tí wọ́n ṣì rọ̀.

Ẹ fi sípíríìtì nu ẹnu sísọ́ọ̀sì láti igi kan sí èkejì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: títẹ̀

Ẹ má tẹ ẹ̀ka tuntun sùn sórí wáyà lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀ka tó bá tètè sùn á dẹ́kun gígùn, ọmọ ẹ̀ka á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ṣánṣán lẹ́yìn rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ẹ fẹ́.

Ẹ so ọparun méjì mọ́ wáyà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ó rí bí ìgbà tí èèyàn gbé apá méjèèjì sókè tó ń dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ so apá igi mọ́ wọn bó ṣe ń gùn. Tó bá ti tó ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọparun náà kalẹ̀, díẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, díẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi sùn lórí wáyà. Ẹ jẹ́ kí ṣóńṣó rẹ̀, bí íǹṣì mẹ́fà, máa wo òkè títí apá yóò fi gùn tó bí ẹ ṣe fẹ́. Tirẹ̀ lẹ ó tẹ́ kẹ́yìn.

Àsìkò wà fún un pẹ̀lú. Mo tẹ ẹ̀ka kan ní aago méje àárọ̀, òjò ti rọ̀ mọ́jú, ara rẹ̀ kún fún omi. Ó kàn dún "pá!" lọ́wọ́ mi ni. Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń tẹ̀ ẹ́, lọ́jọ́ tí òjò ò rọ̀, nígbà tí oòrùn ti mú kí ara rẹ̀ dẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan di ìdí rẹ̀ mú, níbi tó ti yọ lára òpó, kí ẹ fi èkejì tẹ̀ ẹ́. Ẹ máa wo èèpo abẹ́ rẹ̀: tó bá ti ń hunjọ, ó tó, ẹ so ó síbẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Tó bá sán àmọ́ tí kò já, ẹ má gé e. Ẹ gbé e padà sókè títí ojú ibi tó sán yóò fi pa dé, ẹ fi túùbù dì í, ẹ fi ọparun tì í lẹ́yìn, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tó bá já pátápátá, ẹ gé e padà dé ojú méjì tó kàn, ẹ ó rí òmíràn.

Tí apá kan bá ń sáré ju èkejì lọ, ẹ sọ èyí tó lágbára kalẹ̀, ẹ gbé èyí tó rẹlẹ̀ sókè díẹ̀. Láàárín oṣù kan wọ́n á fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ohun tí a fi ń so ó

Mo ní láti ya èyí sọ́tọ̀, torí òun ló pa apá tó dára jù lára igi mi àkọ́kọ́. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn bíríkìlà fi ń di irin, tó ṣẹ́ kù nílẹ̀, ni mo fi so ó. Mo gbàgbé rẹ̀. Nígbà òjò ọdún kejì, ewé láti ibì kan dé ṣóńṣó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Mo wò ó dáadáa, n kò rí wáyà mọ́: igi ti gbé e mì, èèpo ti wú bò ó lọ́tùn-ún lósì bí ètè. Gbogbo apá yẹn gbẹ.

Túùbù táyà ni kí ẹ lò. Ẹ yí i lẹ́ẹ̀kan mọ́ wáyà, kí ẹ tó wá yí i mọ́ igi, kí igi àti irin má baà máa fara ha ara wọn. Kí ìka yín kékeré lè wọ àárín túùbù àti ẹ̀ka. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ẹ tú gbogbo rẹ̀, ẹ tún un so.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ìpele tó kù

Nígbà tí òpó bá ti kọjá wáyà kejì, ẹ tún ìgbésẹ̀ kẹta ṣe níbẹ̀, lẹ́yìn náà ìgbésẹ̀ kẹrin. Tí òjò bá dáa, tèmi máa ń yọ ìpele méjì lọ́dún. Ní wáyà kẹrin, ẹ má fi òpó sílẹ̀ mọ́. Apá méjì nìkan. Ẹ má sì jẹ́ kí ìwàǹwára mú yín fi òpó sílẹ̀ kó gun òkè kí ìpele ìsàlẹ̀ tó lágbára. Òkè ni igi máa ń kó oúnjẹ lọ. Ìsàlẹ̀ tí ebi bá pa kì í padà bọ̀ sípò bọ̀rọ̀.

Gígé fún èso

Ọmọ ẹ̀ka tó ń yọ lára apá ni yóò so. Bí a ṣe ń tọ́jú wọn rèé:

1. Ní ìparí oṣù kejì tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, kí òjò tó dé, ẹ gé ọmọ ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan kù sí ojú ewé méjìméjì lọ́nà méjì, bí íǹṣì mẹ́rin.
2. Ẹ yọ èyí tó wo ògiri àti èyí tó ń ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Kí àlàfo àárín wọn tó ìbú àtẹ́lẹwọ́.
3. Ẹ̀ka tuntun á yọ, òdòdó funfun á sì tẹ̀ lé e. Láti ìgbà òdòdó dé ìgbà tó máa pọ́n lè tó oṣù mẹ́rin sí márùn-ún.
4. Èyí tó bá dúró ṣánṣán lẹ́yìn apá, tó sanra, tó ń sáré lọ sókè, tí kò sì lódòdó, ẹ fi ọwọ́ ya á kúrò nígbà tó ṣì rọ̀. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀, igi tuntun ló máa dà lórí igi yín.
5. Lẹ́yìn ìkórè, ní nǹkan bí oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án, ẹ tún un gé, ṣùgbọ́n kí ó fúyẹ́.

Ẹ má gé e púpọ̀ nígbà ọyẹ́. Ewé tí ẹ gé kúrò ló ń bo èèpo, atẹ́gùn gbígbẹ àti oòrùn á sì pawọ́ pọ̀ jó o. Tí apá òkè bá ti wà ní gbangba, ẹ po ọ̀dà funfun olómi (èyí tí a ń kùn ògiri, kì í ṣe gúlọ́ọ̀sì) mọ́ omi ní ìdajì-ìdajì, kí ẹ kùn ún sí ẹ̀yìn apá náà.

Eṣinṣin èso ni ọ̀tá tó le jù. Nígbà tí èso bá tó ẹyin àparò, ẹ fi àpò bébà tàbí bébà ìwé ìròyìn wé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára igi títẹ́ nìyí: gbogbo èso ló wà níbi tí ọwọ́ lè tó, kò sí pé à ń gun igi. Èyí tó bá jábọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nílẹ̀. Ẹ kó o sínú nọ́ọ́lọ̀nù dúdú, ẹ dì í, ẹ fi í sínú oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó dà á nù. Tí ẹ bá rí kòkòrò funfun bí òwú lábẹ́ ewé, tí èèrà sì ń tò lọ síbẹ̀, omi ọṣẹ tí ẹ fún ewé dóńgóyárò sí máa ń ràn wá lọ́wọ́. Ẹ fọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́.

Tó bá jẹ́ píà òyìnbó gan-an lẹ ní

Èyí wà fún àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti àyíká rẹ̀. Wáyà kan náà ni, títẹ̀ kan náà ni, àmọ́ ẹ má lo kàlẹ́ńdà gígé tèmi. Píà ń so lórí kùkùté ẹ̀ka kúkúrú tó ti pé ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kì í ṣe lórí ẹ̀ka tuntun. Ẹni tó bá gé gbogbo kùkùté yẹn ti gé èso rẹ̀. Ìgbà òtútù tí ewé ti wọ́ dànù lẹ ó gé òpó láti pe ìpele tuntun. Nínú oṣù keje, ẹ ké ọmọ ẹ̀ka gígùn tó yọ lára apá kù sí ewé mẹ́ta lókè ìdì ewé tó wà nídìí rẹ̀. Tí kùkùté bá ti pọ̀ jù lójú kan lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ẹ dín wọn kù nígbà òtútù.

Tí kò bá sí gúrófà

Ọsàn wẹ́wẹ́ ṣeé ṣe, àmọ́ ẹ̀gún rẹ̀ kò jẹ́ kí títẹ̀ rọrùn, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ. Ẹ má fi dandan sọ ọ́ di àkàbà. Ẹ jẹ́ kí apá rẹ̀ tàn bí abẹ̀bẹ̀ lórí wáyà. Máńgòrò, ẹ má dán an wò.

"Gúrófà mi ti dàgbà, ṣé mo ṣì lè tẹ́ ẹ?"

Apá tó wà lára rẹ̀ báyìí kò ṣeé tẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n tí igi náà bá wà nítòsí ibi tí wáyà lè gbà, ẹ fi ayùn gé e lulẹ̀ nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀, kí ìdí tó kù nílẹ̀ fi díẹ̀ dín sí ẹsẹ̀ bàtà kan àti ààbọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka á yọ láti ara kùkùté náà láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yan mẹ́ta tó ní igun mẹ́rin tó dúró dáadáa, ọ̀kan fún òpó, méjì fún apá. Ẹ ya ìyókù kúrò, kí ẹ lọ wá ọparun.